Òkúta Ìdí Àpótí Oyin

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń ran kọ́là ẹ̀wù kan lọ́wọ́, ni mo bá gbọ́ igbe lóde. "Yéè! Àǹtí! Wọ́n fẹ́ pa mí o!" Kí n tó dìde, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti kó sábẹ́ tábìlì, ó sì ti fa aṣọ oníbàárà bo orí. Oyin bíi mélòó kan ń kùn lé e lórí. Ọjọ́ tó dé abúlé wa náà nìyẹn o, kò tíì gbé báàgì rẹ̀ wọlé.

Bàbá Olóyin, àgbàlagbà tó ń sin oyin lẹ́yìn ilé mi, fọwọ́ tọ ògiri wọlé tẹ̀ lé e. "Ta ló fi lọ́fínńdà para kọjá nídìí oyin mi?"

"Èmi ni!" Ọmọ náà jágbe láti abẹ́ tábìlì. "Kí ló wá dé?"

Mo dijú. Mo ní ọmọ yìí ti kó ìtìjú bá mi. Àfi bí bàbá ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Ohùn yìí mà le o! Dúró jẹ́ẹ́, má ju ọwọ́. Àwọn oyin yẹn ò bá ẹ jà, òórùn ara ẹ ni kò yé wọn."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Tí mo bá rántí, ẹ̀rín á kọ́kọ́ pa mí, kí omi tó wá bọ́ lójú mi.

Kí n má parọ́, ọmọ náà le. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó bí i ti kú, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ gbólóhùn méjì kó má di ìjà. Ó ju àga lu ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni wọ́n bá lé e nílé ìwé, ni bàbá rẹ̀ bá fi í ránṣẹ́ sí mi. Tí mo bá ní kó wá jẹun, á ní ebi ò pa òun. Tí mo bá ní kó lọ sùn, á ní ṣé ojú òun ni mo fẹ́ fi sùn ni. Àìmọye ìgbà ni mo bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún.

Ọ̀dọ̀ bàbá nìkan ló ti ń rọ̀. Ó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ torí pé ìjà rẹ̀ ò tíì tán, ni bàbá bá fún un ní afárá oyin gbé bọ̀ wálé nínú abọ́. Láti ọjọ́ yẹn, tí n bá ń wá a, ìdí oyin ni. Níbẹ̀, èèyàn kì í pariwo, èèyàn kì í sì í ju apá ju ẹsẹ̀.

Ó tètè mọ ohun tí gbogbo wa ò mọ̀. Ojú bàbá ti ń lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà nídìí àpótí àkọ́kọ́, orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé agolo èéfín tí wọ́n fi ń mú kí oyin rọlẹ̀ lé. Wọn kì í wò ó, wọ́n á kàn na ọwọ́ sísàlẹ̀. Tí ewu bá wà níwájú, ọmọ náà á fi ìka kan pákó àpótí, kó, kó, bàbá á sì dúró.

"Má sọ fún ọmọ mi o," bàbá bẹ̀ ẹ́. "Tó bá mọ̀, á gbé mi lọ sílùú ńlá, á fi mí sínú yàrá kan. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

"Mi ò ní sọ, Bàbá." Ọmọ tó ti sin ìyá rẹ̀ ni. Kò fẹ́ kí wọ́n tún gba ẹnì kejì lọ́wọ́ òun.

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ ṣe bàbá lóore. Ó ro gbogbo koríko ìdí àpótí, ó sì gbé òkúta yẹn sápá kejì kí ibẹ̀ lè mọ́. Koríko tó kó jọ wá wà níbi tí òkúta wà tẹ́lẹ̀. Ó gbàgbé láti sọ. Nígbà tí koríko náà gbẹ tán, ó lọ pọn omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá ò sì dúró dè é. Wọ́n tanná sí agolo, wọ́n na ọwọ́ sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n gbé e sórí koríko.

Ojú fèrèsé ni mo ti rí iná náà, mo figbe ta. Ọmọ náà sáré dé, ó da garawa omi sí i, ó fa bàbá jáde. Oyin ń ta á lójú, wọ́n ń ta á létí, kò ju ọwọ́ rárá. Sòkòtò bàbá ti jó dé orúnkún, wọ́n sì ń bi í pé, "Ibo ni iná ọ̀hún wà gan-an?"

Nígbà tí ọmọ bàbá tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù wá kí wọn, ó rí ilẹ̀ tó dúdú. "Kí ló jó níbí?"

"Koríko la sun," bàbá ní.

Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo dúró tì wọ́n. Mo rí i tó na ìka sí pákó àpótí, ó kan án, kó, kó. Bàbá gbọ́, ojú wọn sì yí pa dà.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ọmọ náà ní. "Bọ̀dá, Bàbá ò ríran mọ́. Ojú mi ni wọ́n fi ń ríran. Mo yẹra díẹ̀ báyìí, iná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó wọn pa."

"O tà mí," bàbá ní. "Ìwọ tí mo fọkàn tán."

Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbé bàbá lọ sílùú ńlá, ọmọ náà dúró létí fèrèsé ọkọ̀, ó ní, "Bàbá, ó dàbọ̀ o." Bàbá kọjú síwájú, ọkọ̀ sì ṣí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà kọ́kọ́ gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ohun tí mo ṣe dáa?"

"Ó dáa."

"Kí ló wá dé tó ń dùn mí báyìí?"

Mo kàn ń fọwọ́ pa á lórí.

Òun ló ń tọ́jú oyin náà lẹ́yìn ìyẹn. Ó wọ ilé ìwé abúlé wa, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní tí inú bá ti ń bí òun, òun á ṣe bí ẹni pé oyin bà lé òun létí.

Òjò lọ tán kí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn tó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọn ò tọ ògiri kankan. Àṣé àwọn dókítà ti bá wọn ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n sì ti ń ríran. Wọ́n gba ìdí oyin lọ tààrà. Ọmọ náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agolo èéfín lọ́wọ́. Bàbá wò ó látòkèdélẹ̀.

"Ìwọ rèé?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Pẹ̀lú gbogbo ohùn yẹn? Mo ti rò pé o ga tó òrùlé ni. Àṣé ọmọ kékeré báyìí ni ẹ́!" Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú. "Ká ní o bá mi parọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá má rí ojú yìí láéláé."

Bàbá ti papòdà báyìí, àárò wọn sì ń sọ mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ní ilé tirẹ̀, àmọ́ kì í jẹ́ kí àsìkò kíkó oyin kọjá kó má wá. Òkúta yẹn ti pa dà sáyè rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé e. Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí ẹ bá òun bo àṣírí tó lè gbẹ̀mí òun, ẹ sọ ọ́ síta. Á bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kó bínú, kó ṣáà ti wà láàyè.