Ìwọ̀n Tí Obìnrin Náà Mú Wá

Obìnrin náà fẹ́ kí n rán aṣọ fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú ọmọ náà wá. Ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú iṣẹ́ wa. Àìmọye ìyá ló ń kọ ìwọ̀n ọmọ wọn sínú bébà wá fún mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìwọ̀n tirẹ̀ péye. Ìyá ọmọ kì í wọn ọmọ kó péye. Wọ́n á gbàgbé èjìká, wọ́n á fi téèpù há ọmọ láyà, òmíì á tiẹ̀ fi ìka wọ̀n ọ́n. Tirẹ̀ ní àbọ̀ níbi tó yẹ kí àbọ̀ wà, ó sì tò wọ́n tẹ̀léra bí èmi gan-an ṣe máa ń tò wọ́n: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn.

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo bi í bóyá aránṣọ ni òun náà. Ó ní rárá, pé ó kàn ti pẹ́ tí òun ti ń wọn ọmọ ni. Ó gbé aṣọ funfun kan sórí tábìlì mi, ó ní òun á padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ó sì lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, oòrùn ti wọlé dé ibi ẹsẹ̀ maṣíìnì. Aṣọ náà tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Nígbà tí mo padà fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án, ó ṣì tutù.

N ò rò ó síwájú sí i, nítorí ẹrù tó wà lórí mi nígbà yẹn tó mi gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, ti lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá là ń pè é nílé, torí kò sẹ́ni tí kì í pàṣẹ fún, títí kan dókítà. Gbogbo ọjọ́ Ajé la máa ń lọ sí ọsibítù. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lágbára tó láti gba oògùn, wọ́n á gbé àpò oògùn kọ́, á máa kán wọ inú rẹ̀ látinú rọ́bà kékeré tó wà láyà rẹ̀. Tí kò bá lágbára tó, wọ́n á ní ká máa lọ, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nílé, a ti pín iṣẹ́. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà, ló ń fi omi apakòkòrò nu gbogbo ọwọ́ ilẹ̀kùn. Èmi ni mò ń wọn ìgbóná ara rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá ti pé méjìdínlógójì, a ò gbọ́dọ̀ dúró mu omi ká tó gbéra. Nígbà tí irun orí rẹ̀ rẹ̀ dànù, bàbá rẹ̀ fá tirẹ̀ náà láti bá a kẹ́dùn. Ọ̀gá wò ó títí, ó ní kó yáa tètè dá irun rẹ̀ padà, pé orí rẹ̀ ò dọ́gba.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń pa á lẹ́kún ni kí aṣọ tó tóbi jù ú máa fò lára rẹ̀ níta. Torí náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, tí mo bá rí i pé ó ti rù sí i, mo máa ń dín aṣọ rẹ̀ kù.

Ọjọ́bọ̀ kejì, obìnrin náà wá gba aṣọ, ó fi aṣọ funfun míì sílẹ̀ pẹ̀lú bébà míì. Lọ́jọ́ kejì, mo wọn Ọ̀gá. Àyà, méjìlélógún àbọ̀. Ìbàdí, mọ́kànlélógún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi sì dúró. Mo sáré lọ ṣí bébà àkọ́kọ́ tí obìnrin náà mú wá. Ọ̀kan náà ni, dórí èjìká. Mo wá ṣí ìkejì. Àyà, mọ́kànlélógún. Ìbàdí, ogún. Gígùn nìkan ni kò yí padà.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ìyá Ọ̀gá, ṣé Ọ̀gá nìkan ni ọmọ ọdún márùn-ún tó wà láyé ni? O ò sùn tó." Òótọ́ ni, n ò sùn tó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, oògùn náà bá a jà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bì. Ní Ọjọ́bọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo fi téèpù yí i ká lórí ibùsùn. Mọ́kànlélógún. Ogún.

Mo bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ń dúró dè mí. Ó gba aṣọ kejì, ó gbé aṣọ funfun kẹta kalẹ̀, ó na bébà kẹta sí mi. Ìwọ̀n méjì péré ló wà níbẹ̀: gígùn àti ìbú. Kò sí èjìká, kò sí àyà.

Kò sí aránṣọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ìwọ̀n méjì rán. Kọ́tìnì ni, tàbí aṣọ ìbùsùn, tàbí èyí tí wọ́n fi ń wé ẹni tí kò ní gbé apá sókè mọ́.

Mo ní kó má bínú, pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Kò gbóhùn sókè rárá.

"Tí ẹ ò bá rán an, ẹlòmíì á rán an. Ẹni yẹn ò sì mọ̀ ọ́n bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n."

Ó fi aṣọ àti bébà náà sílẹ̀, kò sì tíì dé títì tí fóònù mi fi dún. Ọkọ mi ni. Ara Ọ̀gá ti gbóná kọjá mọ́kàndínlógójì, wọ́n ti wà lọ́nà ọsibítù.

Yàrá òun nìkan ni wọ́n fi í sí. A máa ń bo imú ká tó wọlé. Dókítà ní ohun tó ń bá àrùn jà lára rẹ̀ ló ti tán, pé ká máa wò ó. A wò ó títí di ọjọ́ Àìkú, di ọjọ́ Ajé, di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo fi bàbá rẹ̀ tì í, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbé sísọ́ọ̀sì.

Ẹni tó bá ń rán aṣọ ọmọdé gbọ́dọ̀ máa fi àyè sílẹ̀. Ìyá tó bá ní kí n gé e bí ọmọ ṣe rí gẹ́lẹ́, màá bi í pé ṣé ọmọ tirẹ̀ ò ní dàgbà ni. Mo ká bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gé aṣọ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo fi apá gígùn sí i, mo ṣe àpò méjì sí i, mo sì ká etí rẹ̀ sínú ní ínǹṣì mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ kán mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìka mi kú tipiri látàrí òtútù aṣọ náà. Mo rán an tán.

Nígbà tí obìnrin náà dé lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ ẹ, ó ti ọwọ́ bọ inú apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò rí apá aṣọ rí.

"Èyí kọ́ ni mo ní kí ẹ rán."

"Mo mọ̀, mà."

"Ó tóbi."

"Á dàgbà bá a."

"Ta ló máa gba ipò rẹ̀ kó lè dàgbà?"

"Èmi." Ẹnu mi ló yọ ọ́ sọ. N ò tíì ronú kàn án.

Ó gbé orí sókè, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ìwọ̀n tí òun bá ti kọ kì í ṣòfò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ó yọ téèpù lọ́rùn mi. Ó wọ̀n mí láti àtàrí dé gìgísẹ̀, ó wọ̀n mí láti èjìká dé èjìká, ó sì dáwọ́ dúró. Ìwọ̀n méjì. Ó kọ ọ́, ó ká bébà náà sínú báàgì rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo.

"Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ," ó ní. "Èmi náà á fi díẹ̀ sílẹ̀ fún yín."

Kò gbé aṣọ náà lọ. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ara Ọ̀gá rọlẹ̀. Ó béèrè búrẹ́dì, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà kó tó tẹ ilẹ̀ tí bàbá òun nù. Ọdún kẹta rèé. Oṣù tó kọjá ni dókítà sọ pé àwọn ti wá a títí, àwọn ò rí nǹkan kan mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó sunkún. Èmi náà sunkún, ó sì rò pé ẹkún kan náà la jọ ń sun. N ò sọ fún un. Kí ni màá sọ?

Irun Ọ̀gá ti hù padà, ó ki, ó gùn. Ní gbogbo Sátidé báyìí, mo máa ń mú ọkọ mi jókòó, mò ń kọ́ ọ ní irun dídì. Ìka wẹ́dà le, kò tètè gbọ́ràn. Ọ̀gá ń pàṣẹ látìsàlẹ̀ pé, "Dádì, ẹ ń fà á jù." Lánàá, ọkọ mi dáwọ́ dúró, ó wẹ̀yìn wò mí, ó bi mí pé kí ni gbogbo ìkánjú yìí, ṣé mò ń rìnrìn-àjò ni.

Mo ní kó kọjú síwájú, kó ya ojú irun yẹn kó gún.