Ìgò tí Aloo Jẹ́ kí Ó Tutù

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí láàárín ẹ̀fọn tó pọ̀ tó báyìí.

Aloo fọwọ́ kan ìgò náà, àyà rẹ̀ já. Ó ti tutù.

Nínú yàrá ìwádìí ibà tí òun àti Ouko akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́ lásìkò ìsinmi ní Kisumu, ní Kenya, bí a bá ń pààrọ̀ omi oúnjẹ kòkòrò ibà, ìgò kò gbọdọ̀ kúrò lórí irin tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Díẹ̀ nínú kòkòrò yìí a máa di akọ àti abo nínú ẹ̀jẹ̀, wọn a sì máa dúró de ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá tutù, wọ́n á rò pé àwọn ti dénú ẹ̀fọn; akọ á tú jáde ṣáájú àkókò, iṣẹ́ á bàjẹ́.

Fídíò inú fóònù Ouko ni Aloo ń wò tó fi gbàgbé ìgò sórí tábìlì lásán.

"Ouko, mo gbé! Ọjọ́ mẹ́rìnlá la ti ń tọ́ wọn!"

"Rọra pariwo. Ìgò wo ni?"

"Èyí tí wọ́n pa ẹnu jíìnì rẹ̀ mọ́." Jíìnì ni àṣẹ tí kòkòrò jogún, tó ń sọ ohun tí yóò dà.

Ouko bú sẹ́rìn-ín. "O ríre! Ṣebí Dókítà Ondiek ọ̀gá wa ń retí pé jíìnì yẹn ló ń pàṣẹ kí kòkòrò di akọ? Bí ẹ̀fọn tí a fẹ́ fún mu nínú rẹ̀ lónìí ò bá kó ibà, inú wọn á dùn ni. Àbí o ò fẹ́ lẹ́tà wọn mọ́, ìyá ìjọ?"

Lẹ́tà ìjẹ́rìí yẹn ni Aloo fi fẹ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Nairobi. Ó dá ìgò padà sórí irin. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, ó ti àwo nyoyo, àgbàdo òun ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí Dókítà bá kọ irọ́ yìí sílẹ̀, àwọn kan á fi ṣe oògùn. Àbúrò ta ni yóò mu ún? Ó gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó kan ilẹ̀kùn Dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo jẹ́ kí ìgò tí a pa ẹnu jíìnì rẹ̀ mọ́ tutù."

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀fọn tí mo ti febi pa láti àná ńkọ́? Aloo! Ìwọ tí mo fi ń yangàn!"

Ó da bílíìṣì tó ń pa kòkòrò sínú ìgò náà. "Ọjọ́ kìíní la padà sí. Mi ò lè kọ lẹ́tà yẹn lọ́dún yìí. Ọwọ́ rẹ ò tíì dúró." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ká ní o dákẹ́ ni, abẹ́ irọ́ ni ǹ bá fi orúkọ mi sí. Tètè dé lọ́la."

Aloo sunkún délé. Lọ́jọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé.

Irọ́ ì báà sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Àṣìṣe tí a jẹ́wọ́ ṣeé tún ṣe. Èyí tí a bò mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀. Ìwọ tí o kà á, kí Olúwa fún ọ láyà láti sọ òótọ́ lọ́jọ́ tí irọ́ bá rọrùn, kí ibà má sì wọlé rẹ. Àmín.