Télọ̀ Ń Jowú, Ó Ní Ẹ̀yà Ni

"Ta ló rán aṣọ yìí fún ẹ?"

Ìyàwó télọ̀ ò tiẹ̀ wojú ọkọ rẹ̀. "Télọ̀ òdìkejì títì ni. Èyí tí mo kó fún yín láti èṣí, ṣé ẹ ti gé e?"

Télọ̀ yí etí aṣọ náà wò, ó ń wá ibi tí òwú ti yọ, kò rí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló wá dá kún owú rẹ̀. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tí ò tíì gbọ́ èdè wa délẹ̀, òun ló gba gbogbo oníbàárà. Ìyàwó tòun fúnra rẹ̀ tún wá tẹ̀ lé wọn!

Kàkà kó jókòó ti iṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì àdúgbò ló gbà lọ. "Ẹ̀yà télọ̀ òdìkejì yẹn ò dáa," ó ní. "Olè ni gbogbo wọn. Wọ́n ń gé lára aṣọ aláṣọ pamọ́. Tẹ́ ẹ bá ń wò wọ́n níran, wọ́n á gba àdúgbò mọ́ wa lọ́wọ́."

Bí eré bí àwàdà, ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn mẹkáníìkì gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò, wọ́n forí lé ṣọ́ọ̀bù àlejò. Àlejò wà nínú, ó ń ránṣọ, kò mọ ohun tó ń bọ̀.

Ìyàwó télọ̀ rí wọn, ó sáré wọlé bá ọkọ rẹ̀. "Aṣọ ta ni wọ́n gé?"

Télọ̀ ń fa téèpù ọrùn rẹ̀.

"Mo ní aṣọ ta ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n gé tòun."

"Ẹ̀ ń jowú iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan, ẹ wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Wọ́n fẹ́ dáná sun èèyàn! Mo ti pe ọlọ́pàá, àmọ́ kí wọ́n tó dé, ẹ̀yin ni àwọn mẹkáníìkì máa gbọ́ tiyín. Ẹ dìde!"

Télọ̀ sáré sọdá títì tòun ti téèpù lọ́rùn, ó dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà.

"Kúrò níbẹ̀!" ọ̀gá mẹkáníìkì jágbe. "Ṣebí ìwọ lo ní olè ni wọ́n?"

"Irọ́ ni mo pa. Ó mọ aṣọ rán jù mí lọ ni. Owú ni mo jẹ."

Ojú tì í débi pé ó bú sẹ́kún. Ọ̀gá mẹkáníìkì gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé "gbogbo wọn lolè," ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé: ta ni nínú wọn, kí ló jí, ta ló rí i? Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni òfin máa mú, kì í ṣe ẹ̀yà rẹ̀. Bí àwọn kan bá ti ń kó ara wọn jọ láti ṣe àlejò níbi, ẹ má dákẹ́, ẹ tètè pe ọlọ́pàá. Ẹni owú bá sì ń dà láàmú, kó yáa pè é lówú. Tí iná bá ti jó èèyàn pa, "ẹ má bínú" ò lè jí i.