Ẹ̀kọ́ Tó Kù Lẹ́nu Ìyá Àgbà

Èmi kì í mutí. Èmi kì í sùn lọ́sàn-án. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àlá ni mo lá. Ojú mi ló ṣe. Etí mi yìí ló gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá sì gbà mí gbọ́, kò burú, kó ṣáà máa gbé aṣọ rẹ̀ wá.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mò ń ṣe. Ọwọ́ ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Àwọn ló tọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà. Iwájú la ti ń gba aṣọ. Ẹ̀yìn ni yàrá ìlọṣọ wà. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní.

Ìyá Àgbà kì í jókòó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń bá aṣọ sọ̀rọ̀. "Ọkọ mi," wọn a ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kẹ́ mi, "yí inú aṣọ síta kí o tó rẹ ẹ́. Ohun téèyàn ń fi pamọ́, inú ló ń gbé." Wọ́n ní kí n má ka ìwé tí mo bá bá nínú àpò oníbàárà. Wọ́n ní ẹni tó ń pariwo nítorí bọ́tìnnì kan, kì í ṣe bọ́tìnnì ló ń dùn ún, kí n kọ́kọ́ fún un ní àga.

Lọ́jọ́ kan, mo fi áyọ́ọ̀nù jó ẹ̀wù ọkọ ìyàwó ní àárọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an. Mo fẹ́ purọ́ pé bó ṣe gbé e wá nìyẹn. Ìyá Àgbà fà mí létí. "Irọ́ kò ní háńgà," ni wọ́n wí. "Ibo lo fẹ́ fi kọ́?" Ẹkún dà pọ̀ mọ́ ẹ̀rín lójú mi. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ ọkùnrin náà. Títí dòní, èmi náà ló ń fọ aṣọ rẹ̀.

Ọ̀sán ni Ìyá Àgbà kú. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ó ku ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan kí ni, Màmá?"

"Ẹ̀kọ́. Jẹ́ kí n mí ná."

Wọ́n mí. Wọn ò mí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àbúrò mi kò sí níbẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ó ti lọ tún ọkọ̀ kan ṣe lọ́nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n kú, tíṣà kan gbé ṣòkòtò mẹ́ta wá. Èèyàn líle ni, kì í rẹ́rìn-ín. Mo ń kọ nọ́ńbà sí aṣọ rẹ̀ lára nígbà tó ní:

"Ọkọ mi, tí o bá gbọ́ ohùn mi..."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnu tíṣà ló ti jáde. Ohùn Ìyá Àgbà ni, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Kí lẹ wí, sà?"

"Mo ní ṣé Ọjọ́rú ni kí n padà wá?" Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ràn.

Ní ọjọ́ kẹrin sí ìyẹn, nọ́ọ̀sì tó ń gbé lójú pópó kejì wá gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ń wo ìkùukùu.

"...ní yàrá ìlọṣọ, nígbà tí òjò bá ń rọ̀..."

Ohùn kan náà ni. Ó gba aṣọ. Ó dúpẹ́. Ó lọ.

Láti ìgbà yẹn, ìdí mi ò gbé ìjókòó. Ẹnu àwọn oníbàárà ni mò ń wò. Mo sọ fún àbúrò mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú kirikiri, tí èmi pàápàá fọ̀ fọ̀ fọ̀ tí mo fi jáwọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá dé. Obìnrin tó ń ta ọṣẹ fún wa sáré wọlé, ó sọ páálí kalẹ̀. Òjò ń lu páànù gbà-gbà-gbà. Ó la ẹnu. Ohùn Ìyá Àgbà tún jáde. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Òjò sì bò ó mọ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ!"

"Kí n tún kí ni sọ? Ọṣẹ páálí méjì ni mo gbé wá."

Ó fi ìborí bo orí, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní *má bọ̀*," ni mo wí.

Àbúrò mi ti dìde. "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. *Máa bọ̀* ni wọ́n wí. Mo gbọ́ ọ."

Ẹ wò ó. Tí o bá fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, ó ń pè ọ́. Tí o bá gé e kúrú, ó ń lé ọ padà.

A ṣì ń jiyàn lọ́wọ́ nígbà tí ohùn Ìyá Àgbà jáde láti yàrá ìlọṣọ.

"Ọkọ mi."

Lẹ́yìn náà, *ṣààà*. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí aṣọ tútù. Òórùn sítáàṣì gba gbogbo ilé. Iná ti lọ láti àárọ̀. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tí mo ní wà lórí tábìlì iwájú, ó tutù bí òkúta.

Mo di àbúrò mi lápá aṣọ mú. "Má lọ."

"Ẹ̀yin wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ," ó wí. "Èmi ò sí níbẹ̀."

Mo jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Áyọ́ọ̀nù kò dákẹ́. *Ṣààà. Ṣààà.* Mo dúró ti tábìlì. Bí òjò ṣe dá, àbúrò mi jáde.

Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ tí a kò rí láti ọdún mẹ́wàá tún yọ. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ sí i lára, ó gún régé láti èjìká dé ẹsẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣì gbóná.

"Ta lo bá níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Aṣọ rẹ ń kọ́?"

Ó wo ara rẹ̀. "Kí ló ṣe é?"

Oṣù márùn-ún rèé. Ó ń jẹun. Ó ń ṣàwàdà. Àmọ́ epo kò lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Yóò fi ọwọ́ méjèèjì tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì mọ́ bí ọwọ́ akọ̀wé. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní òun ò gbọ́ òórùn ọkọ òun lára ìrọ̀rí mọ́. Mo fún un ní àga.

Lánàá, òjò tún rọ̀. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn yàrá ìlọṣọ láti inú, ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ń retí Ìyá Àgbà.

Kì í ṣe àwọn. Ohùn àbúrò mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "láti ọjọ́ tí mo ti wọlé síbí ni mo ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹ ṣí i fún mi."

Mo yíjú sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi wà lórí bẹ́ńṣì, ó mọ́ tónítóní, ó ń wo òjò. Kò bojú wẹ̀yìn.