Bàtà Khalif Nínú Fíìmù

Nígbà tí ìyá inú fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò ọmọ rẹ̀, Khalif dìde lórí ìjókòó. Gbogbo àdúgbò ló kún gbọ̀ngàn sinimá lọ́jọ́ yẹn, torí òpópónà wa ní Àríwá Philadelphia ni wọ́n ti ya fíìmù ọ̀hún, Jamir Pettway, ọmọ wa, ló sì ṣe olórí òṣèré. Ìyá náà yọ bàtà tí ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n, ó tà á, ó fi owó rẹ̀ ra oògùn olóró. Bàtà àyálò tó tóbi jù ú lọ ni ọmọ náà wọ̀ sí ìdíje. Khalif kò dúró wo ibi tó já sí. Ó gba iwájú Jamir kọjá láìwo ojú rẹ̀, ó jáde.

Jamir mọ ìdí rẹ̀. Khalif ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré, Jamir nìkan ló sì sọ ọ́ fún, tomijé-tomijé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Renata Voss, obìnrin tó darí fíìmù náà, ń wá ọmọ tí yóò lò, ó ní kí oníkálukú sọ ohun tó dùn ún jù rí. Nígbà tó kan Jamir, ó rí i pé ojú obìnrin náà ti ń kúrò lára òun. Ló bá sọ ọ̀rọ̀ bàtà. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ṣẹlẹ̀ sí, kò dárúkọ. Renata ní kó tún un sọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè é pé òun ni wọ́n mú, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ bàtà náà sínú fíìmù.

Àwọn aṣelámèyítọ́, àwọn tó ń yẹ fíìmù wò, kò yé sọ̀rọ̀ nípa fíìmù náà. Ọ̀kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ìtàn ọmọ tálákà àti bọ́ọ̀lù agbọ̀n ti sú òun, àti pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀ àfi ìyá tó ta bàtà. Òmíràn ní òun ò rí abiyamọ tó ya ọ̀dájú bẹ́ẹ̀ rí. Àdúgbò kà á, wọ́n rántí bí Khalif ṣe jáde ní gbọ̀ngàn sinimá, wọ́n sì fura sí ẹni tí í ṣe. Nílé ìwé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Khalif ṣẹ̀sín.

"Khalif, di bàtà ẹ mú o, màmá ẹ ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán."

Khalif fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Jamir lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Odessa, ìyá Khalif, tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní Khalif ò fẹ́ rí i. Lẹ́yìn náà, ó fara ti ilẹ̀kùn.

"Òótọ́ lo sọ fún wọn. Mo ta bàtà ọmọ mi. Ṣé o sọ fún wọn pé mo lọ gba ìtọ́jú? Ṣé o sọ fún wọn pé owó iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbà, bàtà ni mo fi rà fún un?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ó dáa. Máa lọ sílé, Jamir."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún Jamir.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé fíìmù náà lọ sí yunifásítì kan. Aṣelámèyítọ́ kan bi Jamir níbo ló ti rí irú ìrora bẹ́ẹ̀. Jamir ní kì í ṣe ìrora òun, òun mú un láìgba àṣẹ ni, àti pé ìyá tí ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n fi hàn lọ fíìfíì. Renata ò pè é sí fíìmù mìíràn mọ́.

Khalif gbọ́ ohun tó sọ. Síbẹ̀, nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ó ti lọ sí ilé ìwé mìíràn. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, á kàn mi orí sí i, á kọjá lọ. Jamir ti wá mọ̀ báyìí pé ohun tí ọ̀rẹ́ bá fi omijé sọ fún wa, tirẹ̀ ni. A kò gbọ́dọ̀ fi wá oríire fún ara wa. Tí aráyé bá ti gbọ́ ọ, ẹ̀bẹ̀ ò lè kó o padà.