Òkè Tí Dóyin Kò Gùn Rí

"Èmi àti mọ́mì mi la jọ gun òkè yẹn," ni Dóyin wí níwájú kíláàsì. Irọ́ gbuu ni.

Àdúgbò àtijọ́ ni Weisser Hirsch, lórí òkè ní ìlú Dresden, ní Jámánì. Ọkọ̀ kékeré tí okùn irin ń fà ni àwọn èèyàn máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, kí wọ́n lè wo odò Elbe nísàlẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Dóyin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti ka gbogbo rẹ̀ nílé wọn ní Pineridge, ní Canada. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí àròkọ wọn nípa ibẹ̀ bá dára jù níwájú kíláàsì lọ síbẹ̀, Tádé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ki í láyà: "Abeg, just say you've been there. Who go check?" Ni wọ́n bá mú Dóyin.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá kí olùkọ́, olùkọ́ bọ ìyá Dóyin lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. "Thank you for taking her to Dresden!"

Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà, kò sì tíì jáde ní Canada látìgbà tí wọ́n ti dé. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ẹ sáà mọ àwọn ìyá wa, wọn kì í dójú ti ọmọ lójú àlejò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "We thank God." Olùkọ́ gbà pé òótọ́ ni.

Wọ́n wọ train lọ sílé. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ ní ibùdókọ̀ Marlborough ni ìyá sọ̀rọ̀.

"Mo bo àṣírí rẹ, mo sì ti bá ọ purọ́. Dóyin, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a."

"I'm so sorry, Mummy. Ṣé ẹ máa bá mi lọ bá olùkọ́?"

"Rárá o. Ẹnu tó pa á ni kó tú u."

Ó dun Dóyin wọnú eegun pé òun ló sọ ìyá òun di òpùrọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn olùkọ́, ó sì jẹ́wọ́ tẹkúntẹkún. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n fi Abdulwasiu, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní kíláàsì wọn, rọ́pò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, olùkọ́ pè é. "Your essay was already good enough," ló wí. "Apply again next year."

Dóyin sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá sì gbá a mọ́ra. Ó ti wá yé e báyìí pé ẹni tó bá purọ́ kì í dá ru ẹrù rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló máa ń bá a rù ú.