Aṣọ Funfun Lórí Igi Ápù

Oyin onírun kan ń forí gbá aṣọ funfun náà. Ó fò sẹ́yìn, ó tún padà wá, ó tún gbá a, bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ dájú pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. Saimi sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, oòrùn ń ta ganrínganrín, aṣọ tó fi bo igi ápù láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ sì ṣì wà níbẹ̀.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Saimi, ọmọ mi, ṣé oyin ń wọ inú ìtànná wa?" Ìyá àgbà ni, láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú egungun ìbàdí rẹ̀ tó ṣẹ́.

"Wọ́n ń wọ̀ ọ́, Ìyá àgbà. Wọ́n pọ̀ lọ súà."

"Áà! Ọlọ́run ṣeun." Ohùn arúgbó náà rọ̀ bí òwú. "Ó dà bíi pé mò ń rí wọn látibí."

Saimi pa fóònù náà, ó ń wo aṣọ tí kò tíì ṣí.

Bàbá àgbà ló gbin igi yẹn lọ́dún tó kú. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Ìyá àgbà fi tọ́jú rẹ̀. Bí yìnyín bá ti fẹ́ dé, á fi koríko gbígbẹ wé e nídìí. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé òdòdó ìgbẹ́ tó yí i ká, nítorí oyin. Bàtà onírun Bàbá àgbà kan tilẹ̀ wà nínú ahéré ẹ̀gbẹ́ igi náà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, torí pé oyin onírun ti fi ṣe ilé. Ọdún yìí ni igi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹyọ ápù kan péré ni mo fẹ́ jẹ lórí rẹ̀," ni Ìyá àgbà máa ń wí, "kí n tó lọ bá ẹni tó gbìn ín."

Àṣẹ tó pa kò ju méjì lọ: bo igi nírọ̀lẹ́, kí ìrì dídì má baà jó ìtànná, ṣí i láàárọ̀, kí oyin lè ráyè wọlé.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Pinja ọ̀rẹ́ rẹ̀ tukọ̀ dé. Ọjọ́ àjọ̀dún àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, gbogbo ọ̀dọ́ abúlé ń lọ dáná ńlá ní erékùṣù.

"Ìyàwó igi, ṣé o ò tíì múra ni?" Pinja fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bó o bá ṣí aṣọ yẹn, o gbọ́dọ̀ padà wá bò ó nírọ̀lẹ́. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Igi ò lẹ́nu tó máa fi rojọ́."

"Ìyá àgbà ní kí n..."

"Ìyá àgbà wà nílé ìwòsàn. Wọ ọkọ̀, jàre!"

Saimi wọ ọkọ̀.

Ní báyìí, ó fa aṣọ náà wálẹ̀. Ooru kọ lù ú lójú bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò lórí iná. Ìtànná tó ti gbẹ, tó ti pọ́n bíi tábà, ń já bọ́ lé e lórí. Àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tí òjìji ahéré ṣíji bò nìkan ló ṣì ní funfun lára. Ó ka ìtànná tó kù: mọ́kànlá.

Ó pe Pinja. "Sọ pé òtútù ló pa á," ni ìyẹn wí. "Ṣé òtútù lè wá jiyàn ni?"

Irọ́ náà dùn ún gbọ́. Ó jókòó sórí koríko, ó ń tò ó nínú ọkàn rẹ̀. Àfi bí ojú ọ̀run ṣe ṣókùnkùn lórí adágún. Òjò! Bí òjò bá gbá mọ́kànlá yìí, ó parí. Kí ni ènìyàn lè ṣe sí i? Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, òun náà sì ni Saimi purọ́ fún.

Ó tẹ fóònù. "Ìyá àgbà, irọ́ ni mo pa. Mi ò ṣí aṣọ láti ọjọ́ Ẹtì. Oòrùn ti jó ìtànná lábẹ́ rẹ̀."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Ìyá àgbà bi í.

"Mélòó ló kù?"

"Mọ́kànlá. Òjò sì ti ṣú."

"Ẹkún kì í sọ ìtànná di èso. Sáré lọ bá Veikko, gba ẹ̀ka tó tanná lára ápù tirẹ̀. Tiwa kò lè dá fún ara rẹ̀ lóyún. Mú búrọ́ọ̀ṣì tí o fi ń kun àwòrán, fi kó ìyẹ̀fun tí oyin máa ń gbé kiri nínú ìtànná tirẹ̀, kí o fi kan àárín ìtànná tiwa. Jẹ́jẹ́ o, bí ẹni ń nu ojú ìkókó. Ìbínú mi ń bọ̀ lẹ́yìn, má rò pé o ti bọ́."

Veikko, bàbá arúgbó aládùúgbò wọn, gé ẹ̀ka fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìwọ wá ni oyin òní? Kùn díẹ̀ ká gbọ́!"

Saimi gba ẹ̀ka, ó sáré padà sídìí igi, ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan. Méjì. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀ka. Bó ṣe kan ìkẹsàn-án tán, òjò ta sí i lọ́rùn, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tutù, ìyẹ̀fun dà nù. Ó kù méjì. Ìgbà yẹn ni oyin onírun kan ti ẹnu ahéré jáde nínú òjò wínníwínní náà, ó fara balẹ̀ wọ inú èkíní, ó wọ inú èkejì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà ìwọ́wé, tí ewé ń pọ́n, Ìyá àgbà fi ọ̀pá rìn dé ìdí igi. Ápù mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ó bi Saimi léèrè èyí tó jẹ́ iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Saimi fi ọ̀kan hàn án, ó ní oyin ló ni méjì yòókù.

"Ẹyọ kan nínú mẹ́sàn-án," ni arúgbó náà wí. "Oyin mú méjì nínú méjì. Lọ́dún tó ń bọ̀, ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó mọ iṣẹ́."

Ó já ápù Saimi, ó gé e sí méjì, ó na ìdajì sí i. Ó kan díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Saimi kò gbàgbé. Àìgbọràn rẹ̀ ló jó ìtànná, ṣùgbọ́n irọ́ ni ì bá pa mọ́kànlá tó kù. Ẹni tó bá tètè sọ òótọ́, èyí tó ṣì lè yè á yè.